Òtítọ́ Tí Kò Kọjá Ẹnu Ọ̀nà

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa ṣíṣe òótọ́ níbi tí ojú ènìyàn kò tó, ìtàn kan wà tí àwọn tó fẹ́ràn gọ́ọ̀fù kì í gbàgbé. Ní ọdún 1925, ní ìlú Worcester ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Bobby Jones ń kópa nínú ìdíje U.S. Open. Bó ṣe fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù tó wà nínú koríko, bọ́ọ̀lù náà mì díẹ̀. Adájọ́ kò rí i. Òǹwòran kò rí i. Jones fi ara rẹ̀ sùn. Ó ní kí wọ́n fi gbígbá kan kún iye òun, bẹ́ẹ̀ sì rèé, nínú gọ́ọ̀fù, ẹni tí gbígbá rẹ̀ kéré jù ló ń borí. Nígbà tí wọ́n gbá ihò 72 tán, òun àti Willie Macfarlane ni wọ́n jọ wà lókè, 291 sí 291. Wọ́n tún gbá ihò 36 sí i láti mọ ẹni tó borí, Macfarlane sì fi gbígbá kan ṣoṣo ju Jones lọ. Ẹ ṣírò rẹ̀: ká ní Jones dákẹ́ ni, tirẹ̀ ni ife náà ìbá jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó di àṣekún.

Nígbà tí àwọn ènìyàn ń yìn ín, wọ́n ní ohun tó dáhùn ni pé ó dà bí ìgbà tí wọ́n ń yin ènìyàn nítorí pé kò ja báńkì lólè. Mo fẹ́ràn ìdáhùn yẹn púpọ̀. Nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ tí àwa ń wò, ẹni tí wọn kò fọwọ́ kàn pàápàá á ṣubú, á di ẹsẹ̀ mú, á máa ké sí rẹfirí. Gọ́ọ̀fù kò ní rẹfirí tó ń tẹ̀lé olúkúlùkù kiri, ẹ̀rí-ọkàn ẹni ni rẹfirí ẹni. Ta ni nínú wa tó ti jókòó nínú gbọ̀ngàn ìdánwò rí, tí ẹni tó ń ṣọ́ wa ń tòògbé, tí kò mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí?

Ṣùgbọ́n ibì kan wà nínú ìtàn ọkùnrin yìí tí àwọn oníwàásù kì í sábà kà dé.

Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, Jones àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Clifford Roberts ra ilẹ̀ kan ní Augusta, ní ìpínlẹ̀ Georgia, níbi tí wọ́n ti ń gbin igi àti òdòdó fún títà tẹ́lẹ̀. Wọ́n pe Alister MacKenzie, dókítà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ti fi iṣẹ́ ìṣègùn sílẹ̀ nítorí àtimáa ṣètò pápá gọ́ọ̀fù. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí iṣẹ́ rẹ̀, nítorí ó dùn mọ́ mi. MacKenzie gbà pé pápá tó dára gbọ́dọ̀ dán alágbára wò láìjẹ́ pé ó fìyà jẹ aláìlera. Ọ̀nà tó la ní Augusta fẹ̀, kòtò iyanrìn tó gbẹ́ síbẹ̀ kò sì pọ̀ rárá. Ẹ wo ihò kẹtàlá: odò kékeré kan ṣàn kọjá níwájú ibi tí ihò wà. Ẹni tí apá rẹ̀ le lè fi gbígbá kejì gbìyànjú láti fò ó, bí kò bá sì débẹ̀, omi ni bọ́ọ̀lù rẹ̀ ń bá lọ. Ẹni tí kò lágbára tó bẹ́ẹ̀ á rọra gbá tirẹ̀ sí ẹ̀bá odò, á wá fi ìkẹta sọdá. Àwọn méjèèjì ló ní ọ̀nà níbẹ̀.

Ilẹ̀ gbà wọ́n, ẹnu ọ̀nà ni kò gba gbogbo ènìyàn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, aláwọ̀ dúdú ni àwọn kádì tó ń gbé àpò ọ̀pá fún àwọn eléré ní Augusta. Àwọn ló mọ ibi tí ilẹ̀ ti dà àti ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Síbẹ̀ aláwọ̀ dúdú kankan kò gbá bọ́ọ̀lù nínú ìdíje Masters tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ títí di 1975. Ọdún 1990 ni wọ́n gba ọmọ ẹgbẹ́ dúdú àkọ́kọ́ wọlé. Obìnrin, ó di 2012. MacKenzie fúnra rẹ̀ kú ní oṣù kìn-ínní 1934, kí ìdíje àkọ́kọ́ tó wáyé, láìtíì gba owó iṣẹ́ rẹ̀ pé. Ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà ti dẹnu kọlẹ̀ nígbà náà, ọwọ́ ẹgbẹ́ náà kò sì dẹ̀, nítorí náà n kò ní pe ẹnikẹ́ni ní olè. Mo kàn ń rántí ohun tí Jákọ́bù kọ nípa owó alágbàṣe ni.

Ohun tó ń dà mí láàmú jù ni ọ̀rọ̀ Charlie Sifford. Ọkùnrin dúdú yìí borí nínú ìdíje ńlá ní 1967, ó tún borí ní 1969. Wọn kò pè é sí Masters lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bẹ́ẹ̀ wọn kò rú òfin kankan, nítorí nígbà náà, bíborí nínú irú ìdíje bẹ́ẹ̀ kò sọ ọ́ di dandan kí wọ́n pe ènìyàn. Àwọn tó ti borí ní Augusta rí lágbára láti dìbò mú ẹnìkan wọlé. Wọn kò mú un. Gbogbo ìwé pé, gbogbo ìlànà pé, ọkùnrin náà sì wà níta.

Lee Elder ló wá kọ́kọ́ wọlé. Ó yẹ kí àwa ọmọ Nàìjíríà mọ orúkọ rẹ̀, nítorí ní 1971 ó wá síbí, ó sì gba Nigerian Open. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn tó gba ife lọ́dọ̀ wa ni wọ́n tó jẹ́ kó gbá bọ́ọ̀lù ní Augusta, nínú orílẹ̀-èdè tirẹ̀. Ilé méjì ló háyà ní ọ̀sẹ̀ náà, nítorí àwọn tó ń halẹ̀ mọ́ ẹ̀mí rẹ̀. Jones kò sí láyé láti rí i, ó ti kú ní 1971.

Ṣé alágàbàgebè ni Jones, nígbà náà? Mi ò rò bẹ́ẹ̀. Mo gbà pé òótọ́ inú ló fi sọ̀rọ̀ ní Worcester. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi le. Bó bá jẹ́ alágàbàgebè ni, a ó kàn bú u, a ó sì máa lọ. Olóòótọ́ ni, ṣùgbọ́n ibi tí ìwé òfin tọ́ka sí ni ẹ̀rí-ọkàn rẹ̀ ń wò. Òfin ní kí ó máa wo bọ́ọ̀lù, ó sì wò ó dáadáa. Kò sí òfin tó ní kí ó wo ẹnu ọ̀nà.

Ẹnìkan lè sọ pé bí ayé ṣe rí ní Georgia nígbà yẹn nìyẹn, pé kí ni ẹnìkan ṣoṣo lè ṣe? Èsì mi ni pé òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, kì í ṣe ìjọba. Gọ́ọ̀fù pàápàá kì í gba “n kò mọ̀” gẹ́gẹ́ bí àwíjàre. Bí o bá ṣèèṣì gbá bọ́ọ̀lù ẹlòmíràn, wọ́n á fi gbígbá méjì kún tìrẹ.

Sákéù ni mo máa ń fi wé e. Òun náà fi ara rẹ̀ sùn láìsí ẹni tó bi í léèrè. Ṣùgbọ́n ìtanràn tí Jones san, orí ìwé àkọsílẹ̀ ló parí sí. Ti Sákéù wọ ilé àwọn ènìyàn ní Jẹ́ríkò, ní ìlọ́po mẹ́rin, sọ́dọ̀ àwọn tó ti rẹ́ jẹ. Olúwa wa kò sọ fún àwọn Farisí pé kí wọ́n má san ìdámẹ́wàá ewé ọbẹ̀ wọn mọ́. Ó ní ohun tó wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ wà tí wọ́n fi sílẹ̀.

Àwọn ẹgbẹ́ Kristẹni nílé ẹ̀kọ́ gíga ní akápò tó ń ka owó ọrẹ títí dé orí náírà márùn-ún, àti òṣìṣẹ́ tó ń fúnra rẹ̀ kọ orúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀ bó bá pẹ́ dé. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìpàdé bá wà ní àjà kẹta ilé tí kò ní ju àtẹ̀gùn lọ, arábìnrin tó ń fi ọ̀pá méjì rìn á wá lẹ́ẹ̀kan, á wá lẹ́ẹ̀mejì, ó tán. Ọ̀pọ̀ àwa tó ń ka ojú ewé yìí ló jìnnà sí ilẹ̀ Yorùbá, a sì mọ bó ṣe ń rí lára kí ènìyàn jókòó sáàárín àwọn tí èdè wọn kò yé e. Síbẹ̀, bí àwa bá ti pọ̀ nínú yàrá àdúrà, Yorùbá la máa ń bọ́ sí, arákùnrin Tífì tó wà láàárín wa á sì máa ṣe àmín sí ohun tí kò gbọ́. Kò sí ẹni tó dẹ́ṣẹ̀ nínú gbogbo èyí, bí a bá ní ká wo ìwé òfin ẹgbẹ́. Ilé alájà mẹ́ta sábà máa ń ní yàrá nísàlẹ̀. Ta ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀?