Orí Inú Àgò Irin

Mazda MX-5 kò ní òrùlé tí èèyàn lè gbẹ́kẹ̀ lé. Aṣọ ni wọ́n fi bò ó lórí. Oṣù kejì ọdún 1989 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e síta nílùú Chicago. Àwọn ará Jàpáánì tó ṣe é ti wo àwòkọ́ṣe lára àwọn mọ́tò fàájì kéékèèké ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, irú bíi Lotus Elan tó jáde lọ́dún 1962; jíjò epo nìkan ni wọn ò wò mọ́ ọn. Ìfúyẹ́ ni ẹ̀sìn Colin Chapman tó dá Lotus sílẹ̀, àwọn ará Jàpáánì náà sì gba ẹ̀sìn ọ̀hún: MX-5 àkọ́kọ́ kò wọn tó 1,000 kílógíráàmù. Ohun tó mú kó dùn ún wà gan-an nìyẹn. Àmọ́ bó bá dojú dé, férémù gíláàsì iwájú àti orí awakọ̀ ni yóò kọ́kọ́ kanlẹ̀, férémù yẹn kò sì le tó bẹ́ẹ̀.

Jórinjórin ni mí. Ìbàdàn ni mo ti kọ́ṣẹ́, ní Òkè-Àdó, lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ń jó géètì àti ẹ̀yìn tírélà. Kent ni mo ti ń ṣe é jẹun báyìí, níbi tí kò jìnnà sí pápá eré mọ́tò Brands Hatch. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù ni àgò irin tí a ń jó sínú mọ́tò, èyí tí àwọn Òyìnbó ń pè ní roll cage, kí mọ́tò lè yí gbirigbiri kí ẹni tó wà nínú rẹ̀ má fọ́.

Ọmọ-ọmọ Ìyá Ìjọ wa ló gbé MX-5 tirẹ̀ wá, ti ọdún 1991. Àgò odindi ló fẹ́, tiwájú tẹ̀yìn, torí ó fẹ́ máa fi sáré ní pápá lópin ọ̀sẹ̀. Ó tún fẹ́ máa gbé e lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ìyá gbọ́. Lẹ́yìn ìsìn, wọ́n fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Bàbá Ṣadé, Sáàmù 91 ni mo lẹ̀ mọ́ iwájú mọ́tò ọmọ yẹn. Èwo wá ni ti àgò? Àbí ti Ọlọ́run ò tó ni?”

Mi ò rẹ́rìn-ín. Ìbéèrè gidi ni, ẹni tó bá sì ń fi irin ṣe ààbò jẹun yẹ kó lè dáhùn rẹ̀. Mo ní, “Ẹ má bínú mà, Sáàmù yẹn kan náà ni Sàtánì tọ́ka sí nígbà tó gbé Jésù dé ṣóńṣó tẹ́ńpìlì, tó ní kó bẹ́ sílẹ̀. Jésù kọ̀.” Mo tún rán wọn létí Diutarónómì orí 22, níbi tí òfin ti ní kí ẹni tó bá kọ́ ilé tuntun mọ odi kékeré yí òrùlé rẹ̀ ká, kí ẹnikẹ́ni má bàa já bọ́, kí ẹ̀jẹ̀ má bàa wá sórí ilé náà. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ àwọn ọmọ Ísírẹ́lì tọ̀sán-tòru ló ṣòfin yìí fún wọn. Kò sọ fún wọn pé ìṣọ́ òun ti tó.

Ìyá gbọ́ mi tán. Wọ́n ní ti odi yé àwọn, àmọ́ ẹni tó mọ odi sórí òrùlé kì í torí ìyẹn lọ máa jó létí ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yẹn bà mí níbi tó ti ń ro mí. Lọ́dún 1975, Sam Peltzman, onímọ̀ ọrọ̀-ajé kan ní Amẹ́ríkà, kọ ohun tó jọ ọ́: pé bí ìjọba ṣe ń fipá mú bẹ́líìtì àtàwọn ohun ààbò míì wọ inú mọ́tò, bẹ́ẹ̀ ni awakọ̀ ń fi eré ná ààbò náà tán. Àwọn onímọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ bá a jiyàn gan-an lórí bó ṣe pọ̀ tó, mi ò sì rò pé ó borí. Ṣùgbọ́n mo mọ ẹ̀rín kan tí àwọn oníbàárà mi máa ń rín bí wọ́n bá kọ́kọ́ di páìpù mú tí wọ́n mì ín, tí kò mì.

Inú iṣẹ́ náà gan-an ni mo ti ń wá èsì. Òpó ńlá tó máa ń ga lẹ́yìn orí awakọ̀, irin tí kò ní ojú ìsopọ̀ ni, fífẹ̀ rẹ̀ mílímítà 45, nínípọn rẹ̀ mílímítà 2.5. Ìlànà FIA, àjọ tó ń darí eré mọ́tò lágbàáyé, nìyẹn. Àwọn yòókù lè tẹ́ẹ́rẹ́ tó 38. A ó fi páìpù kan dábùú òpó ńlá náà, torí ohun onígun mẹ́rin máa ń fẹ̀gbẹ́ wó, onígun mẹ́ta kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Níbi tí ẹsẹ̀ páìpù bá ti balẹ̀, a ó ti kọ́kọ́ jó awẹ́ irin pẹlẹbẹ kan mọ́ ilẹ̀ mọ́tò kí gbogbo agbára má bàa dá lé ojú kan ṣoṣo.

Àmọ́ kí n tó tan iná rárá, màá fi òòlù kékeré lu abẹ́ ẹnu-ọ̀nà, lápá ibi táyà ẹ̀yìn. Ibẹ̀ ni MX-5 àtijọ́ ti máa ń dípẹtà. Òjò tó ń ṣàn bọ̀ láti orí aṣọ òrùlé ní ihò tó yẹ kó gbà jáde. Bí ewé àti ìdọ̀tí bá ti dí ihò náà, omi á jókòó sínú, á sì máa jẹ irin láti inú bọ̀ wá síta. Ọ̀dà òde á ṣì máa dán. Tí òòlù bá kàn án, á dún bíi páálí. Tí mo bá wá jó àgò mọ́ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, lọ́jọ́ tí mọ́tò bá yí, ẹsẹ̀ àgò á lu ilẹ̀ já, àgò ọ̀hún á sì wọlé bá awakọ̀.

Onígbàgbọ́ ni mí, ṣùgbọ́n ìtàn Ifá ló máa ń wá sí mi lọ́kàn bí mo bá wà lábẹ́ mọ́tò bẹ́ẹ̀. Ọ̀rẹ́ mẹ́ta lọ yan orí lọ́dọ̀ Àjàlá alámọ̀ kí wọ́n tó wá sáyé: Oríṣeékú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìja, àti Afùwàpé ọmọ Ọ̀rúnmìlà. Orí tó wu ojú ni àwọn méjì àkọ́kọ́ gbé. Òjò pa wọ́n lọ́nà, amọ̀ náà sì ń ṣí kúrò díẹ̀díẹ̀. Ti Afùwàpé nìkan ló gba òjò dúró. Ohun tí mi ò lè gbàgbé níbẹ̀ ni pé ọmọ Ògún wà lára àwọn tí òjò bà lórí jẹ́. Bàbá rẹ̀ ló ni gbogbo irin ayé.

Ẹ wá wo páìpù tó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí nínú mọ́tò tó há báyìí. Kò jìnnà sí etí. Ní pápá, awakọ̀ ti dé àṣíborí, bẹ́líìtì sì ti dè é mọ́ àga ní èjìká, ní ìbàdí, láàárín itan. Orí rẹ̀ ò rí ibi lọ. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, tòun ti orí lásán àti bẹ́líìtì tó ń jẹ́ kí ara fì síwá sẹ́yìn, bí ẹnì kan bá kàn rọra kọlù ú níbi tí iná pupa ti dá a dúró, irin tó yẹ kó gbà á là ló máa là á lórí. Fóòmù tí a ń fi wé páìpù ń ṣèrànwọ́, kò tó. Kò sì sí ohun tó yí padà lára àgò láti Sátidé.

Jochen Rindt, awakọ̀ Formula 1, kú ní Monza, lórílẹ̀-èdè Ítálì, ní September 5, 1970, nínú Lotus 72. Ó so bẹ́líìtì. Èyí tó ń gba àárín itan kọjá ni kò so, torí ó fẹ́ lè tètè jáde bí iná bá sọ. Nígbà tí mọ́tò rẹ̀ forí sọ irin etí ọ̀nà, ara rẹ̀ yọ́ lọ sísàlẹ̀, bẹ́líìtì tó so ló sì gé e lọ́fun. Òun ni wọ́n fún ní ife-ẹ̀yẹ àgbáyé ọdún náà, lẹ́yìn ikú rẹ̀. Romain Grosjean náà wà lára àwọn tí kò fẹ́ halo, òrùka irin tí wọ́n fi yí orí awakọ̀ Formula 1 ká láti ọdún 2018. Wọ́n fipá fi í sí i lórí. Ní November 29, 2020, ní Bahrain, mọ́tò rẹ̀ gé sí méjì, ó gbiná, ó sì wọ àárín irin etí ọ̀nà lọ. Ó jáde tòun ti ọwọ́ tó jóná, ó sì sọ fáyé pé èrò òun nípa halo ti yí padà.

Nítorí náà ni mi ò ṣe rò mọ́ pé bóyá Ọlọ́run tó tàbí kò tó ni ọ̀ràn. Ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ fún ààbò ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n de òun, bóyá ó mọ̀ tàbí kò mọ̀. Púpọ̀ nínú wa ń fẹ́ ààbò láìfẹ́ ìdè. A fẹ́ àgò ní Sátidé, a sì fẹ́ máa fì bó ṣe wù wá ní Mọ́ńdè. Ìbàjẹ́ tí ìdajì ààbò ń ṣe máa ń ju ti àìsí ààbò lọ nígbà míì, mo sì rò pé bí ti irin ṣe rí ni ti àdúrà.

Mo sọ fún ọmọkùnrin náà pé kó mú ọ̀kan. Bó bá fẹ́ odindi àgò, kó máa fi tírélà gbé mọ́tò lọ sí pápá, kó má gbé e dé títì mọ́. Bó bá fẹ́ máa gbé e lọ síbi iṣẹ́, òpó ẹ̀yìn nìkan ni màá ṣe, lẹ́yìn àga, níbi tí orí ò ti ní kàn án. Ó ní, “Àwọn míì wà tó máa jó o fún mi, sà.” Mo ní òótọ́ ni, wọ́n wà. Ó lọ, ó padà wá, ó mú òpó ẹ̀yìn.

Ọjọ́ tí mo so ó tán, mo ní kó jókòó kó dé àṣíborí rẹ̀. Mo gbé igi ìgbálẹ̀ Òyìnbó lé orí òpó, mo nà án dé orí férémù gíláàsì iwájú. Àlàfo tó tó ínṣì méjì ló yẹ kó wà láàárín igi àti àṣíborí. Ọmọ náà ga jù. Mo ní kó bọ́ sílẹ̀, mo tú àga rẹ̀, mo sì mú ọ̀bẹ kí n gé díẹ̀ kúrò nínú fóòmù rẹ̀.