Owó Tí Kò Ní Ojúṣe Lórí

Nínú òfin tí ó ń darí wíwọlé àwọn àlejò sí orílẹ̀-èdè Kánádà, gbólóhùn kékeré kan wà tí ó yẹ kí a fara balẹ̀ yẹ̀ wò. Ẹni tí ó bá fẹ́ di olùgbé títí láé níbẹ̀ lábẹ́ ètò àwọn òṣìṣẹ́ tí ó mọṣẹ́, tí kò sì tíì ríṣẹ́ sí ilẹ̀ náà, gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun ní owó tí òun àti ìdílé òun yóò fi gbé ara ró kí iṣẹ́ tó dé. Òfin náà kò dúró síbẹ̀: ó ní owó ọ̀hún kò gbọdọ̀ ní gbèsè tàbí ojúṣe mìíràn kankan lórí. Ohun tí gbèsè jẹ́ kò ṣòkùnkùn sí ẹnikẹ́ni. "Ojúṣe mìíràn" yìí gan-an ni ó gba àròjinlẹ̀, pàápàá jù lọ nígbà tí owó náà bá ti ilé Yorùbá wá.

Iye tí a ń sọ kì í ṣe kékeré. Nígbà tí wọ́n gbé owó náà sókè ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 2024, ó di dọ́là Kánádà 950 fún yíyẹ ìwé olùbéèrè wò, àti 575 fún ẹ̀tọ́ àtigbé ilẹ̀ náà. Iye kan náà ni ti ìyàwó. 260 ni ti ọmọ kọ̀ọ̀kan nígbà náà. Gbogbo ilé sì ń san 170 fún títẹ ìka àti yíya àwòrán ojú. Ní ọdún 2024 náà, tọkọtaya tí ó bí ọmọ méjì yóò ti san 3,740 kí a tó dárúkọ ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìyẹ̀wò ìwé ẹ̀rí, àyẹ̀wò ara lọ́dọ̀ dókítà àti ìwé ọlọ́pàá. Bí wọn kò bá gbà wọ́n, owó ẹ̀tọ́ àtigbé ilẹ̀ náà yóò padà, ṣùgbọ́n ti yíyẹ ìwé wò ti lọ. Síbẹ̀, kò sí ohun àjèjì nínú kí àlejò san nǹkan fún onílẹ̀. Àgbẹ̀ tí ó dáko sórí ilẹ̀ onílẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá náà ń san ìṣákọ́lẹ̀. Owó tí a ń san kọ́ ni ẹjọ́ wà lórí rẹ̀.

Owó tí a ń fi hàn ni ó ń da ilé rú. Ní ọdún 2024, dọ́là Kánádà 27,297 ni ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́rin gbọ́dọ̀ ní, báńkì yóò sì jẹ́rìí sí bí ó ti wà níbẹ̀ fún oṣù mẹ́fà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là Amẹ́ríkà kan kò tó náírà 500 ní ọjà ìjọba. Kí oṣù kejì ọdún 2024 tó parí, ó ti kọjá 1,400, ti Kánádà sì tẹ̀ lé e. Ẹni tí ó ti fi náírà kó ìdajì owó náà jọ wá rí i pé ohun tí òun ní kò tó ìdá kan nínú márùn-ún mọ́. Kò sì lè sọ pé òun yóò máa rọra tọ́jú rẹ̀. Èsì ìdánwò èdè kì í ju ọdún méjì lọ, àyẹ̀wò ara kì í ju ọdún kan lọ, máàkì tí wọ́n ń fún ni nítorí ọjọ́ orí sì ń dín kù láti ẹni ọgbọ̀n ọdún lọ, títí yóò fi di òfo ní ọdún márùndínláàádọ́ta. (Nílé ni a ti ń fi orí ewú gba ọ̀wọ̀.) Nígbà tí ọjọ́ bá ń lé ni báyìí, ọ̀dọ̀ ẹbí ni a ń sá lọ.

Àwọn kan wà tí wọ́n ń yá owó fún ìfihàn nìkan: wọ́n á san èlé fún ẹni tí ó ni ín, wọ́n á fi í sí báńkì, wọ́n á sì dá a padà lẹ́yìn tí ìwé bá jáde. Irọ́ nìyẹn, kò sì gba àríyànjiyàn. Láti ọdún 2014, ọdún márùn-ún ni òfin Kánádà fi ń ti ìlẹ̀kùn mọ́ ẹni tí wọ́n bá ká irú rẹ̀ mọ́ lọ́wọ́.

Èyí tí ó ṣòro ni ti ẹni tí kò yáwó. Ká ní olùkọ́ kan wà ní Òṣogbo tí ó ní ìdá kan nínú mẹ́ta owó náà. Ìyá rẹ̀ ta pílọ́ọ̀tì ilẹ̀ kan lọ́nà Ìkìrun, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin kó èsúsú tí ó kàn án, owó náà sì pé. Wọ́n máa ń gba ẹ̀bùn wọlé, bí olùfúnni bá fọwọ́ sí ìwé pé ẹ̀bùn ni, àti pé òun kò retí kí ó padà. Ọmọ ka ìwé náà sí ìyá rẹ̀ létí: "Màmá, wọ́n ní kí ẹ sọ pé ẹ kò retí nǹkan kan lọ́wọ́ mi." Ìyá bi í pé, "Ṣé wọ́n bi ìwọ náà ní ohun tí o fẹ́ ṣe fún mi?" Wọn kò bi í. Ìyá tẹ ìka rẹ̀ sí ìwé.

Ǹjẹ́ ìyá yìí purọ́? Àwọn tí yóò ní ó purọ́ yóò tọ́ka sí ohun tí gbogbo ilé mọ̀: ọmọ yìí ni yóò máa ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, òun ni yóò san owó ilé ìwé àbúrò, òun ni yóò sin ín. Bí ìyẹn kò bá jẹ́ ojúṣe, kí ni ojúṣe? Ṣùgbọ́n Yorùbá mọ gbèsè, wọn kì í sì í fi orúkọ mìíràn pè é. Gbèsè ní iye, ó ní ọjọ́, ó ní ẹlẹ́rìí. Láyé àtijọ́, bí ẹnìkan bá jẹ ẹ́ tí kò san án, ológò yóò wá jókòó tì í nílé títí ojú yóò fi tì í. Ẹni tí kò sì ní ohun tí yóò san a máa fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà, iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe a sì dúró fún èlé. Kò sí ológò tí yóò jókòó ti olùkọ́ yìí. Ìyá rẹ̀ kò dá iye, kò sì dá ọjọ́. Èyí tí ó tún ṣe pàtàkì ju ìyẹn lọ ni pé ojúṣe ọmọ sí ìyá rẹ̀ kò ti ara ilẹ̀ ọ̀nà Ìkìrun wá. Ká ní ìyá náà kò ta ohunkóhun, òun náà ni yóò ra oògùn, òun náà ni yóò sì sin ín. Láti ọjọ́ tí ìyá ti gbé e pọ̀n ni ojúṣe náà ti wà. Owó kọ́ ni ó mú un wá, kò sì sí lórí owó náà. Ìyá kò purọ́.

Ti ẹ̀gbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ti kó èsúsú ṣáájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì ku oṣù mẹ́wàá tí yóò máa dá a. Bí ó bá ń dá a láti inú owó oṣù tirẹ̀, ẹ̀bùn ni ó fún àbúrò rẹ̀. Bí àbúrò bá ń fi owó náà ránṣẹ́ sí i lóṣooṣù láti ẹ̀yìn, gbèsè ni, ìwé tí ó fọwọ́ sí kò sì lè sọ ọ́ di ẹ̀bùn. Ṣùgbọ́n àárín méjèèjì ni ilé púpọ̀ wà: ẹ̀gbọ́n kò béèrè, àbúrò kò sọ̀rọ̀, olúkúlùkù sì ń rò pé èkejì mọ̀. Aya ẹ̀gbọ́n ńkọ́, tí ó ti ń retí èsúsú yẹn láti fi ra ọjà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀? Ta ni ó bi í?

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, nígbà tí ẹ̀gbọ́n bá béèrè owó ilé ìwé ọmọ rẹ̀, àbúrò lè rántí ìwé tí ẹ̀gbọ́n fọwọ́ sí, kí ó sì fi í dí i lẹ́nu. Ó sì lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n ni kò ní jẹ́ kí ó sinmi: àbúrò ń ṣiṣẹ́ òru ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní Toronto, ohun yòówù tí ó bá fi ránṣẹ́, wọ́n á ní kò tó èsúsú ọjọ́sí. Ìwọ̀fà ń bọ́ ní ọjọ́ tí ó bá san ojú owó. Gbèsè tí kò ní iye kò ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ìyẹn ni pé ẹni tí wọ́n sọ pé ẹ̀bùn ni wọ́n fún lè wà nínú ìdè ju ìwọ̀fà lọ.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó mú kálámù, ó yẹ kí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò jókòó, kí aya ẹ̀gbọ́n sì wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá rí i pé gbèsè ni, kí wọ́n kọ iye àti ọjọ́ sílẹ̀, kí owó náà má sì sí nínú èyí tí wọn yóò fi han Kánádà, bí ìrìn àjò náà tilẹ̀ máa di ọdún mìíràn. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀bùn, kí ẹ̀gbọ́n sọ ọ́ lójú aya rẹ̀, kí aya náà sọ tirẹ̀, lẹ́yìn náà kí ó fọwọ́ sí ìwé.