Ohun Tó Yẹ Kí Akẹ́kọ̀ọ́ Òfin Kọ́ Kí Ìjà Tó Dé

Àwa mẹ́ta la jọ kọ áàpù kan. Ọ̀rẹ́ ni wá láti yunifásítì, nítorí náà nígbà tá a fẹ́ forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, a pín ṣíà sí mẹ́ta ọgbọọgba. Lọ́yà kọ orúkọ wa sínú ìwé tó ti wà nílẹ̀, a buwọ́ lù ú, ó parí. Oṣù méje lẹ́yìn náà, ẹnìkan nínú wa ríṣẹ́ sí Kánádà, ó sì lọ. Ìdá kan nínú mẹ́ta ilé-iṣẹ́ ṣì jẹ́ tiẹ̀ dòní. Nígbà tá a padà lọ bá lọ́yà, ohun tó sọ ò ju, "Ẹ jẹ́ ká pè é lẹ́jọ́."

Ó jọ pé bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nìyẹn. Lọ́dún 1870 ni Christopher Columbus Langdell di ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ òfin ní Harvard, tó sì ní kí akẹ́kọ̀ọ́ máa fi ẹjọ́ tí kóòtù ti dá kọ́ òfin. Ọ̀nà yẹn tàn ká Amẹ́ríkà. Lọ́dọ̀ tiwa náà, akẹ́kọ̀ọ́ ń há orúkọ ẹjọ́ sórí. Àmọ́ àdéhùn tó bá ti dé kóòtù ti bà jẹ́ ná. Ẹni tó jẹ́ ilé tó wó nìkan ló fi kọ́ iṣẹ́ bíríkìlà, ṣé ó máa mọ ìpìlẹ̀ fi lélẹ̀?

Òótọ́ ni pé Nigerian Law School ń kọ́ wọn ní Corporate Law Practice. Ó dáa. Ṣùgbọ́n mímọ ìwé kọ yàtọ̀ sí kéèyàn lè wo ọ̀rẹ́ mẹ́ta tó ń rẹ́rìn-ín, kó bi wọ́n pé: "Tí ọ̀kan nínú yín bá lọ ńkọ́? Tó bá kú ńkọ́? Ta ló ni code?"

Àwọn kan á ní ẹnu burúkú nìyẹn. Ṣé àìfọkàntánni kọ́? Rárá o. Àwọn àgbà tó ní ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún ò kórìíra ọmọdé. Àwa náà máa ń tẹ ìtẹ̀kútẹ̀ẹ́ sínú áàpù wa wò ká tó gbé e jáde, kì í ṣe torí pé a ka àwọn tó máa lò ó sí èèyàn burúkú.

Torí náà, ẹ pín akẹ́kọ̀ọ́ sí mẹ́ta mẹ́ta, kí wọ́n kọ àdéhùn ara wọn. Lẹ́yìn náà, kí olùkọ́ ní kí ẹnìkan jáde, ká wò ó bóyá ìwé náà á dúró. Ká ní ẹnìkan bi wá ni, gbólóhùn kan ì bá tó: kí ṣíà máa tẹni lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀ fún ọdún mẹ́rin, kẹ́ni tó bá lọ fi ìyókù sílẹ̀.

A kì í ti kóòtù bọ̀ ṣọ̀rẹ́, a ò sì pè é lẹ́jọ́. Àmọ́ a ò pè é lórí fóònù mọ́ náà.