Òkété Tí Ó Dàgbà ní Darkuman

Àwọn baba wa a máa wí pé bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń pa òwe yìí bí ẹni pé ọmọ nìkan ni ó ń bá wí, kí ó má baà gbàgbé ìyá. Ó kan àgbà pẹ̀lú, nítorí òkété tí yóò mu ọmú ní láti tẹrí ba, kí ó sì la ẹnu. Àgbà tí ó ranrí, tí ó ní ayé ti bàjẹ́ láti ọjọ́ tí irun òun ti funfun, kò sí ọmú tí yóò dé ẹnu rẹ̀.

Àwọn àgbà Yorùbá tí ń bẹ ní Darkuman, ní Accra, ọmọ Ajílété láti Ògbómọ̀ṣọ́ àti ọmọ Ìyẹ̀rú Ọ̀kín láti Ọ̀ffà, ní ìdí láti ranrí. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969 ni ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí ó fi Ghana sílẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún Yorùbá di ẹrù sórí ọkọ̀, wọ́n sì kó ọmọ lọ sí ìlú tí ọmọ náà kò rí rí. Àwọn kan padà wá lẹ́yìn náà, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti orí àtẹ. Ẹni tí ó jẹ́ ogún ọdún nígbà náà ti kọjá àádọ́rin báyìí, bí ó bá sì jókòó ti ìṣirò ohun tí ó sọnù, èmi kò ní dá a lẹ́bi.

Ìyá aláṣọ kan ní àdúgbò náà kò jókòó tì í. Ó na fóònù sí ọmọ-ọmọ rẹ̀, tí èdè Twi yọ̀ mọ́ lẹ́nu ju Yorùbá lọ, ó ní, “Ọkọ mi, kọ́ mi ní mómò yìí.” Mómò ni fífi fóònù sanwó àti gbígba owó. Ọmọ náà ní, “Ìyá Àgbà, ẹ má tíì tẹ ọ́kẹ́ẹ̀, ẹ ka iye rẹ̀ ná.” Ó kà á, ó tún un kà.

Ìwádìí kan ti irú ẹ̀mí bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn. Ní 2002, Becca Levy ti Yunifásítì Yale àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ pé, nínú 660 ènìyàn tí ó ti pé àádọ́ta ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní Ohio, àwọn tí ó ro ogbó wọn ní rere fi ọdún méje àbọ̀ pẹ́ láyé ju àwọn tí ó rò ó ní ibi. Mo gbà, ṣùgbọ́n ìrò lásán kò tó: orúnkún a máa ro, ojú a máa ṣú, ẹni tí ó bá ní kò rí bẹ́ẹ̀ ń purọ́. Ohun tí àgbà nílò ni pé kí ó ní nǹkan tí ó fi sọ́wọ́ ọ̀la.

Ìyá aláṣọ yìí ní in: ó ń dá àjọ, tí Accra ń pè ní sùsú. Alájọ a máa wá pẹ̀lú káàdì lójoojúmọ́, a gba iye kan náà. Bí oṣù bá pé, owó ọjọ́ kan di ti alájọ, ìyókù di ti olówó. Ta ni í dá àjọ tí kì í retí ìparí oṣù? Àwọn aládùúgbò ní kí ó kúkú máa fi owó náà jẹun, ó ní àgbà tí ó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Páànù ni òun yóò rà sórí ìsọ̀, nítorí òjò oṣù kẹfà ní Accra kì í bi ènìyàn léèrè ọjọ́ orí kí ó tó jò sórí aṣọ rẹ̀.