Ìwọ̀n Irin àti Ìwọ̀n Ọmọ

Ìka kò dọ́gba. Nítorí náà, kò tọ́ kí a gbé irin kan náà lé gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́. Ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Amẹ́ríkà, ètò orí kọ̀ǹpútà ni ó ń díwọ̀n irin gbígbé fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Bí ọmọ bá gbé 60 kìlógíráàmù nígbà mẹ́wàá, ìṣirò tí Boyd Epley gbé jáde ní 1985 yóò fi hàn pé ó lè gbé 80 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Láti ibẹ̀ ni a ó ti yan irin tí ó bá a mu.

Ẹ̀tọ́ ni èyí. Ṣùgbọ́n ǹjẹ́ ẹni tí ó mọ agbára ọmọ ti mọ ọmọ náà bí? Kọ̀ǹpútà mọ ohun tí ó gbé lọ́sẹ̀ tí ó kọjá. Kò mọ̀ pé kò sùn lánàá, tàbí pé ẹ̀yìn ń dùn ún tí ìtìjú kò sì jẹ́ kí ó wí. Ojú olùkọ́ ni ó ń rí orúnkún tí ń gbọ̀n. Bí ọmọ bá farapa, a kì í bá ẹ̀rọ ṣẹjọ́. Kí kọ̀ǹpútà máa ṣírò. Kí olùkọ́ máa pinnu, nítorí òun ni òbí fi ọmọ lé lọ́wọ́.