Ohun Tó Wà Láàárín Ìlú Méjì

Bí Yorùbá bá kí arìnrìn-àjò pé "ẹ kú ìrìn", ìrìn náà gan-an ni wọ́n ń kí i fún, kì í ṣe dídé nìkan. Nítorí náà ni mo ṣe gbà pé ọkọ̀ ojú irin ń fún èèyàn ní ohun tí bàálù kò lè fún un. Ẹ wo ojú irin Àbújá sí Kàdúná tí wọ́n ṣí lóṣù keje ọdún 2016: kìlómítà 186, láti Ìdù dé Rìgásà. Ọkọ̀ á kọjá Kúbwà, á kọjá Jéré; àpáta á yọ, oko á tẹ̀lé e, ọmọ darandaran á dúró ti màlúù rẹ̀ títí ọkọ̀ á fi lọ tán. Ẹni tó fò lókè dé ibi tó ń lọ, àmọ́ kò kọjá lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni.

Àtakò tó wúwo jù kì í ṣe ti àkókò. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹta ọdún 2022, àwọn agbébọn kọlu ọkọ̀ yìí, wọ́n pa èèyàn, wọ́n kó àwọn mìíràn lọ. Ó di oṣù kejìlá kí ọkọ̀ náà tó tún rìn. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà kò jẹ̀bi rárá. Síbẹ̀, gbígba òfuurufú lọ kò mú ewu kúrò nílẹ̀. Ojú wa nìkan ló mú kúrò lára àwọn tó ń gbé inú ewu náà lójoojúmọ́. Lójú fèrèsé ọkọ̀ ojú irin, oko wọn ń kọjá níwájú wa, a kò sì lè sọ pé a kò mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀.