Òróró Opó àti Mítà Ilé Wa

Bíbélì kíkà: Ìwé Kejì Àwọn Ọba, orí 4, ẹsẹ 1 sí 7

 

Ìtàn tí a kà yìí kò ṣàjèjì sí wa. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wòlíì kú, ó fi aya àti ọmọkùnrin méjì sílẹ̀, ó sì fi gbèsè sílẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí wọ́n jẹ lówó fẹ́ wá kó àwọn ọmọ náà lẹ́rú. Kò sí nǹkan kan nínú ilé àfi ìkòkò òróró kan. Nítorí iṣẹ́ ìyanu inú rẹ̀ ni a ṣe máa ń wàásù ìtàn yìí, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lónìí, ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí obìnrin náà fúnra rẹ̀ ṣe. Òróró ni wọ́n fi ń tan fìtílà nígbà náà. Iná mànàmáná àti gáàsì ni tiwa nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, gbèsè rẹ̀ sì ń já ọ̀pọ̀ ìdílé láyà.

Èkíní: Obìnrin náà kò dákẹ́.

Ó ké tọ Èlíṣà lọ. Kò fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ títí wọn yóò fi wá mú àwọn ọmọ rẹ̀ lọ. Àwọn àgbà wa ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ìtìjú ń pa ọ̀pọ̀ nínú wa. Lẹ́tà ilé iṣẹ́ iná á dé, a ó tì í sábẹ́ ìrọ̀rí láìṣí i. Ẹlòmíràn á lọ sí báńkì, á ní kí wọ́n dá owó tí wọ́n ń yọ lóṣooṣù dúró, á sì rò pé òun ti rí ọ̀nà àbáyọ. Ará, gbèsè kì í sùn. Bí a bá kọ̀yìn sí i, ńṣe ni yóò máa dàgbà.

Ofgem, àjọ tó ń bójú tó àwọn ilé iṣẹ́ iná àti gáàsì, ti là á sílẹ̀ pé ilé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ wo agbára oníbàárà kí wọ́n tó ṣètò bí yóò ṣe san gbèsè rẹ̀. Nítorí náà, ẹ pè wọ́n kí wọ́n tó pè yín. Ẹ sọ iye tó ń wọlé fún yín, iye tó ń jáde, àti iye tí ẹ lè san lóṣooṣù láìyẹ̀. Ní England àti Wales, láti 2021, ẹni tí gbèsè wọ̀ lọ́rùn lè gba ìsinmi ọjọ́ 60 lábẹ́ òfin nípasẹ̀ olùdámọ̀ràn gbèsè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé yóò máa san owó iná tó ń lò lọ́wọ́. Ẹ lọ sọ́dọ̀ Citizens Advice, wọ́n á gbà yín nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́.

Èkejì: Ó mọ ohun tó wà nínú ilé rẹ̀.

Wòlíì bi í léèrè ohun tó ní nílé, ó sì dáhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí wọ́n bá bi wá lónìí pé kí ni mítà wa wí, mélòó nínú wa ló lè dáhùn? Bí nọ́ńbà mítà kò bá dé ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́, wọ́n á fojú díwọ̀n rẹ̀. Ìfojúdíwọ̀n lè pọ̀ jù, ó sì lè kéré jù. Èyí tó kéré jù ló ń tan ènìyàn jẹ, nítorí abẹ́lẹ̀ ni gbèsè ti ń kó jọ. Bí mítà yín kì í bá fi nọ́ńbà ránṣẹ́ fúnra rẹ̀, ẹ kà á lóṣooṣù, ẹ fi ránṣẹ́, kí ẹ sì sọ òtítọ́. Ẹni tó bá fi nọ́ńbà èké ránṣẹ́, tàbí tó tú mítà kó lè lo iná ọ̀fẹ́, olè ni ó ń jà, ó sì lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ dáná sun ilé.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé owó tí wọ́n ń yọ ní báńkì lóṣooṣù, tí wọ́n ń pè ní direct debit, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ilé iṣẹ́ á ṣírò ohun tí ẹ ó lò lọ́dún, wọ́n á pín in sí ọ̀nà 12. Ká ní £1,800 ni ti ọdún, £150 ni ẹ ó máa san lóṣù. Ní oṣù Kẹfà tí oòrùn ń ràn, ẹ lè lo £70 péré, £80 á sì ṣẹ́kù sínú àkáǹtì yín. Ní oṣù Kìíní, ẹ lè lo £260. Inú èyí tó ti ṣẹ́kù ni £110 tó lé yóò ti wá. Àjọ ni, ẹ̀yin ará! Owó tó wà lọ́wọ́ alájọ, owó ẹni ni. Ṣùgbọ́n ta ló ń dá àjọ tí kì í wo káàdì rẹ̀?

Nítorí náà, ẹ wo káàdì yín. Bí owó bá ṣẹ́kù lọ́wọ́ wọn ní oṣù Kẹsàn-án, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu. Ó dà bí ọkà tí Jósẹ́fù kó pamọ́ ní Éjíbítì de ọdún ìyàn. Ṣùgbọ́n bí òtútù bá ti lọ tán, tí owó púpọ̀ sì tún wà níbẹ̀, ẹ fi nọ́ńbà mítà tuntun ránṣẹ́, kí ẹ sì béèrè owó yín. Wọ́n gbọ́dọ̀ dá a padà, tàbí kí wọ́n sọ ìdí tó mọ́gbọ́n dání tí wọn kò fi ní ṣe bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ fi kún owó oṣooṣù, ẹ béèrè bí wọ́n ṣe ṣírò rẹ̀. Bí ẹ bá sì kúrò lọ́dọ̀ wọn, wọ́n ní ọ̀sẹ̀ 6 láti fi ìwé owó ìkẹyìn ránṣẹ́, àti ọjọ́ iṣẹ́ 10 lẹ́yìn rẹ̀ láti dá àṣẹ́kù yín padà. Ẹ má bẹ̀rù pé ilé iṣẹ́ lè wó kí owó yín bá a lọ. Nígbà tí ilé iṣẹ́ tó lé ní 20 wó ní 2021, àṣẹ́kù àwọn oníbàárà inú ilé kò ṣègbé.

Ẹ̀kẹta: Ó san gbèsè, ó sì fi ìyókù gbọ́ bùkátà.

Ohun méjì ni Èlíṣà pa láṣẹ. Kí ó san gbèsè, kí òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ sì rí ìyókù fi gbé ayé. Ìlàjì àṣẹ yìí ni àwa máa ń pa mọ́. Ẹnìkan á gba gbogbo àṣẹ́kù rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án, á fi ra aṣọ ẹbí. Nígbà tó bá di oṣù Kejì, ó ti wọ gbèsè. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

Ẹlòmíràn á pa gbogbo hítà nítorí ìbẹ̀rù bílì, àwọn ọmọ á máa wọ kóòtù nínú ilé, bẹ́ẹ̀ owó rẹ̀ tó ṣẹ́kù jókòó pẹ̀sẹ̀ lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ iná. Nọ́ọ̀sì ni mí, n kò lè dákẹ́ lórí èyí. Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn pé kí ilé gbóná tó 18°C ó kéré tán nígbà òtútù, kó sì ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ọmọdé, arúgbó àti aláìsàn. Òtútù ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè. Ó ń dá ìrora sílẹ̀ lára ọmọ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀là-dìde, àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ sì wà láàárín wa. Ẹ má sì gbé ààrò èédú wọ inú yàrá. Afẹ́fẹ́ olóró tó ń jáde lára rẹ̀ kò lóòórùn, ó sì ń pani lójú oorun. Gbèsè fẹ́ kó ọmọ opó yẹn lọ, Ọlọ́run kò gbà. Ẹ má jẹ́ kí ìbẹ̀rù gbèsè pa àwọn ọmọ tiwa lára.

Ẹ̀kẹrin: Àwọn aládùúgbò yá a ní ìkòkò.

Ọlọ́run ló sọ òróró di púpọ̀, ṣùgbọ́n ìkòkò ọmọnìkejì ni ó dà á sí. Àwa ìjọ ni aládùúgbò yẹn. Àwọn ìyá àti bàbá wa kan wà tí kò lè ka nọ́ńbà mítà mọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, iṣẹ́ ìsìn yín nìyẹn. Ẹ bá arúgbó, aláìsàn àti ìyá ọmọ kékeré fi orúkọ sínú Priority Services Register lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ iná wọn. Ọ̀fẹ́ ni, kì í sì í ṣe owó ìrànwọ́ ìjọba. Ẹni tó ń gba àwọn owó ìrànwọ́ ìjọba kan lè rí £150 Warm Home Discount gbà nígbà òtútù. Ṣùgbọ́n bí ìwé ìgbélùú yín kò bá fàyè gba owó ìjọba, ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ olùdámọ̀ràn.

Ẹni tó ń lo mítà tí a ń sanwó sí kí iná tó tàn, ẹ kíyè sí èyí. Owó ojoojúmọ́ gáàsì ń kà bí ẹ kò tilẹ̀ tan hítà. Bí ẹ kò bá fi nǹkan sí i láti oṣù Karùn-ún, tí ẹ wá fi £20 sí i ní oṣù Kẹwàá, gbèsè ló máa kọ́kọ́ jẹ nínú rẹ̀. Ẹ máa fi díẹ̀díẹ̀ sí i nígbà oòrùn.

Lọ́sẹ̀ yìí, kí olúkúlùkù wa ṣí lẹ́tà tó wà nílẹ̀, kó ka mítà rẹ̀, kó sì wo bóyá gbèsè ni ó jẹ tàbí owó rẹ̀ ló ṣẹ́kù. Ẹni tó bá fẹ́ kí a bá òun wò ó, kó mú ìwé náà wá lẹ́yìn ìsìn. Àṣírí rẹ̀ kò ní jáde.

Kí Ọlọ́run opó náà má jẹ́ kí òróró gbẹ nínú ilé wa. Kí ó fún wa ní ọgbọ́n láti san èyí tí a jẹ, kí ó sì jẹ́ kí a rí ìyókù fi tọ́ àwọn ọmọ wa. Ní orúkọ Jésù. Àmín.